Àpáta ojú ọ̀nà Ìdànrè: ṣé ká kùn ún ní funfun ni, àbí ká fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn ni mo ti kó wá, kò tíì pẹ́. Àpáta ńlá kan wà ní ìkóríta àdúgbò wa, lójú ọ̀nà tó jáde sí Ìdànrè, tí wọn kì í jẹ́ kó sinmi. Bí wọ́n bá kọ "Ẹ kú oríire" sí i lónìí, tó bá dọ̀la orúkọ òkú ló máa wà níbẹ̀, tó bá dọ̀túnla ìṣọ́ òru ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé lágbájá jẹ òun lówó, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù onígbèsè náà gàdàgbà-gadagba. Alága ẹgbẹ́ onílé ní ká dáwó, ká kun àpáta náà ní funfun báláú, ká kọ "Ẹ má kọ nǹkan kan síbí" sí i, kí ẹni tó bá dán an wò máa san owó ìtanràn. Èmi fara mọ́ ọn. Ìyàwó mi, tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, ní mi ò tíì mọ ibi tí mo kó wá. Èwo lẹ rí sí i?

* * *

Ìyàwó yín mọ ohun tó ń sọ.

Iṣẹ́ àátíìsì ni mò ń ṣe. Mo ti kọ nǹkan sára àpáta yẹn fún ẹbí olókùú, fún olóṣèlú, fún ìjọ, fún ọmọkùnrin tí ọmọbìnrin kan ò fẹ́ gbọ́ tiẹ̀ mọ́. Ẹ lè ní ibi tí mo ti ń jẹun ni mò ń gbè lẹ́yìn. Ó dáa, mò ń gbè é, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi ná. Màá sì dá àwọn tó ti dá sí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú mi lóhùn níkọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá kun àpáta yẹn ní funfun, ẹ ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń náni lówó jù nínú kíkọ nǹkan tuntun kì í ṣe lẹ́tà, ọ̀dà tá a máa fi bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ ni. Àpáta yẹn tóbi, ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó sì ń mu ọ̀dà. Tí ẹgbẹ́ onílé bá wá fi owó ara wọn ra funfun, tí wọ́n fi róólà fà á dáadáa, agolo ọ̀dà dúdú kékeré kan àti búrọ́ọ̀ṣì ló kù tí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan lálẹ́ ọjọ́ náà máa mú dání. Ẹ rìn yí ìgboro Àkúrẹ́ ká, kẹ́ ẹ wo àwọn ògiri tí wọ́n kọ POST NO BILL sí. Ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ rí lẹ́tà B lábẹ́ pósítà.

Àwọn ará ibòmíràn náà ti dán funfun wò. Ògiri kan wà nílùú Prague, lórílẹ̀-èdè Czech, tí wọ́n ń pè ní ògiri Lennon, nítorí John Lennon, olórin tí wọ́n yìnbọn pa ní oṣù Kejìlá 1980. Nígbà ìjọba Kọ́múníìsì, àwọn aláṣẹ á kùn ún, àwọn ọ̀dọ́ á tún un kọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún fi ọ̀dà funfun bo gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àwòrán fi kún un padà. Nígbà tó di 2019, tí àwọn tó ń fín ọ̀dà agolo (spray) wá sọ ibẹ̀ di jákujàku, àwọn tó ni ògiri ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má kọ nǹkan mọ́. Ọ̀dà agolo ni wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀kì tàbí pẹ́ńsù lọ́wọ́, kó máa kọ ọ́ lọ.

* * *

Ẹni tó ní "owó ìtanràn ló máa kọ́ wọn lọ́gbọ́n", ta ló fẹ́ gba ìtanràn náà? Ẹgbẹ́ onílé kì í ṣe kóòtù. Ẹ lè bẹ èèyàn, ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ẹ lè pè é lẹ́jọ́. Ẹ ò lè jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kẹ́ ẹ dá a lẹ́bi kẹ́ ẹ sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì láago méjì òru, tí ẹ lù ú, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ara yín ní tẹ́ṣàn bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ta ló tiẹ̀ ni àpáta? Ẹbí kan ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Àwọn kan ní etí títì ni, ìjọba ló ni ín, pé òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Kò sí èyí tó tíì ra búrọ́ọ̀ṣì wá nínú gbogbo wọn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ sókè yìí pé àwọn baba wa kì í fi ọ̀dà ṣeré lára òkúta tàbí ògiri, pé àṣà ìta ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣàkirè. Bí ọdún bá yí po, wọ́n á tún un kùn, tuntun á bo ti èṣí mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ̀wé nípa wọn. Kò sẹ́ni tó ń sunkún pé ti èṣí lọ. Ohun tí wọ́n fi jù wá lọ ni pé wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kùn ún, wọ́n sì mọ ẹni tí iṣẹ́ náà kàn. Tiwa ò nígbà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni ín.

Ibi tí mo ti bá ẹ̀gbọ́n dọ́gba ni Òkè Ìdànrè. Ẹni tó bá gun òkè yẹn tán, tó wá yọ ọ̀dà agolo láti kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ sára òkúta, ìyà tọ́ sí i. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ipasẹ̀ Agboogun, akọni inú ìtàn wọn, wà níbẹ̀. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, lára àwọn ibi tó ń fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ ogún àgbáyé. Ọ̀dà tó bá ti wọnú òkúta kì í jáde bọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá da tínà sí i, á kàn tàn káàkiri ni. Tẹ́ ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ́, òkúta lẹ̀ ń họ. Ẹni tí ọwọ́ bá ń yún kó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìkóríta wa.

* * *

Ẹnìkan béèrè ohun tó wà lábẹ́ gbogbo ọ̀dà yẹn.

Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí, èèpá kan já bọ́ ní apá ibi tó kọjú sí gọ́tà. Mo mú un nílẹ̀. Ó nípọn tó ìka ọwọ́ mi, etí rẹ̀ sì wà ní ìlà-ìlà látòkè délẹ̀. Funfun ló pọ̀ jù, torí òun la fi ń bo nǹkan. Lókè pátápátá, àwọ̀ ewé, pupa àti búlúù dà pọ̀ mọ́ra: ìyẹn ti ìbò gómìnà ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2024, nígbà tí àpáta náà máa sùn sínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó sì máa jí sínú òmíràn. Nísàlẹ̀ wọn, dúdú kan tó ki gan-an. Lábẹ́ dúdú náà, pupa kan wà tí mo mọ̀ dájú, EndSARS ni, oṣù Kẹwàá 2020. Búlúù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi kọ "Ẹ máa fọwọ́ yín" nígbà Kòrónà. Àwọn yòókù, mi ò bá wọn láyé.

Dúdú yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, Sọ́ńdè Pẹ́ńtíkọ́sì, ni àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí èèyàn tó lé ní 40 sì kú. Nígbà tí mo fi máa dé ìkóríta láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn ọlọ́kadà ti dáwó láàárín ara wọn, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú bo àpáta látòkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi dúnàá-dúrà. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn kàn na agolo funfun sí mi, ó ní, "Àátíìsì, kọ Ọ̀wọ̀. Má kọ nǹkan míì." Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ò balẹ̀ bó ṣe máa ń balẹ̀, àmì tó wà lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn sì wọ́ díẹ̀.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìṣọ́ òru ń bọ̀, àwọn ìjọ lọ kọ tiwọn sára ògiri ọjà. Àwọn tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí fàṣọ bẹ́nà kọ́ sórí igi. Ẹgbẹ́ onílé ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì dárúkọ ìtanràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ Àkúrẹ́ ò lè fi ibì kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i, ẹ rántí ìyẹn.

* * *

Àbúrò tó béèrè ìdí tí ọ̀dà fi ń ṣí lára àpáta náà, ìbéèrè gidi lo bi. Èmi ì bá jẹ́ kí gbogbo wọn fi ọ̀rọ̀ òfin sílẹ̀ ná, ká sọ ti ọ̀dà.

Wọn kì í fọ̀ ọ́. Eruku ọ̀nà àti èéfín mọ́tò ti lẹ̀ mọ́ ọn, orí eruku yẹn ni wọ́n sì ń fọ̀dà lé. Oòrùn ọ̀sán nígbà ọyẹ́ á mú òkúta gbóná, òtútù òru á mú un sún kì. Ọ̀dà tó wà lójú rẹ̀ á là, òjò á sì gba ojú ibẹ̀ wọlé. Wọ́n tún ń da ọ̀dà méjì pọ̀. Àwọn ìjọ fẹ́ràn ọ̀dà olómi, ìyẹn emulsion, torí pé owó rẹ̀ fúyẹ́. Àwọn olóṣèlú fẹ́ kó máa dán, nítorí náà gloss ni wọ́n ń gbé wá. Tẹ́ ẹ bá kun ọ̀dà olómi sórí gloss tí ẹ ò fi sánpépà họ, kò rí ibi dì mú, odidi pẹpẹ ló máa ń ṣí.

Tí ẹ bá máa ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ dénú, ẹ họ ibi tó bá ń dán. Ẹ má sì ra ọ̀dà tí wọ́n ń pò lẹ́yìnkùlé láìdán an wò. Ẹ kùn ún sára pátákó, kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Bí ọwọ́ yín bá funfun, ẹfun lásán ni wọ́n tà fún yín, òjò kìíní ló máa kó o lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe àwọn ọmọ kéékèèké wá bá yín fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà olóròóró ayé àtijọ́, pàápàá yẹ́lò àti pupa. Eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìlànà tí NAFDAC gbé jáde lórí ọ̀dà ní 2021 ní òjé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ, ṣùgbọ́n ìlànà ọdún 2021 ò lè wọ inú ọ̀dà tó ti wà lára àpáta ṣáájú 2021. Ẹ fi omi rin ín kẹ́ ẹ tó ha á, ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ gbá èèpá rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìyá alákàrà wà nítòsí, ẹ̀yin èèyàn mi.

* * *

Ẹnìkan tó ń gbé Amẹ́ríkà sọ fún wa nípa ọgbà kan tí wọ́n fi igi ṣe (fence) ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní Pittsburgh. Òótọ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kùn ún kùn ún títí, nígbà tó di 1993 ó wó lulẹ̀, ọ̀dà ló wúwo jù fún un. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Òfin wọn ò pọ̀: òru nìkan ni wọ́n ń kùn ún, búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ni wọ́n ń lò, ẹni tó bá sì fẹ́ kí tòun dúró gbọ́dọ̀ dúró tì í kó máa ṣọ́ ọ.

Ó wá ní ká mú òfin ìṣọ́ yẹn wá sí Àkúrẹ́. Ọ̀gá mi, ẹ bọ̀ wálé kẹ́ ẹ wá sùn tì í. Ẹ̀fọn nìkan tó láti lé yín wọlé, ká má tíì dárúkọ àwọn tó ń gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn lóru.

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ìjà gan-an wà, torí gbogbo ẹni tó ń bínú níbí ń bínú sí kíkọ, kíkọ kọ́ ló ń dájà sílẹ̀.

Ẹbí kan ń sìnkú bàbá wọn. Èmi ni mo kọ orúkọ bàbá náà àti ọjọ́ ìsìnkú sára àpáta, mo fa ọfà ńlá kan tó ń júwe ọ̀nà ilé. Àlejò ń bọ̀ láti Èkó, Abuja, Ìlọrin. Ọfà yẹn ni wọ́n ní kí wọ́n máa wò. Ìsìnkú ku ọ̀la, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ kan wá lóru, wọ́n fi funfun bo bàbá olóyè mọ́lẹ̀, wọ́n kọ "Òru Ìtúsílẹ̀" síbẹ̀. Wọ́n fa ọfà tiwọn náà, sí apá kejì. Àwọn àlejò kan bá ọfà lọ, ìgbà tí wọ́n gbọ́ ìlù àti orin, wọ́n rò pé àwọn ti débẹ̀. Aṣọ ẹbí ni wọ́n wọ̀ jókòó sáàárín àwọn tó ń gbààwẹ̀. Ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àbí? Àwọn ọmọ olókùú ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó igi lọ sí ilé ìjọsìn náà lọ́jọ́ kejì, àgbà àdúgbò ló là wọ́n.

Ẹnìkan ti kọ ọ́ sókè pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yẹn.

Látìgbà náà, ohun tí mò ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbéṣẹ́ fún mi kò ju ẹyọ kan lọ. Jẹ́ kí n kọ ọjọ́ rẹ sí ìsàlẹ̀, ní igun ọ̀tún, kó hàn. Títí ọjọ́ yẹn á fi kọjá, àpáta di tìẹ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, ẹni tó bá fẹ́ lè bò ó. Ohun tí kò bá lọ́jọ́, bí èébú, bí orúkọ onígbèsè, kò sí ààbò fún un, wọ́n lè bò ó ní wákàtí tí wọ́n bá rí i. Àwọn àátíìsì tó kù ní apá ibí yìí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá alákàrà tó wà ní ìdojúkọ ló ń bá wa ka ọjọ́ náà, torí òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá rí ẹni tó fẹ́ bo nǹkan kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ó mọ bó ṣe ń pariwo.

Olóṣèlú ni kì í gbọ́. Òfin ètò ìdìbò fún wọn ní 150 ọjọ́ láti polongo kí ìbò tó dé. Tá a bá gbà kí ọjọ́ ìbò jẹ́ ọjọ́ tiwọn, olókùú àti ìyá ìkókó ò ní rí àpáta lò fún oṣù bíi márùn-ún. Èrò tèmi ni kí wọ́n fún wọn ní ẹ̀yìn, apá tó kọjú sí gọ́tà, kí ẹgbẹ́ onílé sì gbowó lọ́wọ́ wọn fún kíkó gọ́tà náà. Ìyẹn lowó tí alága lè gbà tí ẹnikẹ́ni ò ní bá a jà.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní alága ti ra ọ̀dà, rọ́bà ńlá ti wà ní pálọ̀ rẹ̀, kí ni kí wọ́n ṣe é?

Ẹ kùn ún náà. Ẹ fọ àpáta, ẹ kùn ún ní funfun bí alága ṣe fẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpàdé. Ẹ kàn má kọ ohunkóhun sí i ni. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ lópin oṣù, wọ́n ti fún mi ní owó àsansílẹ̀, ẹ ti bá mi dín ìnáwó kù.

Ní ti nọ́ńbà fóònù onígbèsè, ẹ lọ fi funfun bò ó lónìí, kẹ́ ẹ má dúró de ìpàdé kankan. Ẹni tó jẹ gbèsè ni o, kò jẹ gbogbo ọlọ́kadà ní ìpè.

* * *

Ó ku ìbéèrè kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ránṣẹ́, pé èló ni màá gbà láti kọ "Jọ̀ọ́, fẹ́ mi" pẹ̀lú orúkọ ọmọbìnrin kan, kó tóbi, kí ó rí i bó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Àbúrò, owó ìkọ àti owó ìparẹ́ ni mò ń gbà pọ̀ lórí irú iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ kan náà ni wàá sì san án, ṣáájú. Mú ọjọ́ rẹ dání, má sì mú Fúráìdè. Olókùú ló ni Fúráìdè.